Màmá ń bọ̀ láti Òṣogbo, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ní àyà ọmọ mi

Ìyá Àyọ̀, Manchester:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Àyọ̀ pé oṣù 5. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn, tó yẹ kó dí fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, kò dí. PDA ni wọ́n pè é. Ihò iṣan náà fẹ̀ jù fún èyí tí wọ́n ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan itan lọ dí, àárín egungun ìhà òsì ni wọ́n máa gbà wọlé lọ so ó. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìgbónà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí n múra sílẹ̀ fún?

Ìyá Kọ́lá, Òkè-Fìà:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Lọ́dún 1938 ni dókítà Robert Gross ti so irú iṣan yìí fún ọmọdébìnrin ọlọ́dún 7 kan ní Boston, ọwọ́ àwọn dókítà ti mọ́ ọn tipẹ́. Birmingham la wà nígbà tí wọ́n ṣe ti Kọ́lá. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá kiri àdúgbò níbí báyìí.

Bá màmá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù. O mọ bí a ṣe ń wẹ ọmọ nílé wa: a ó na apá, a ó fi apá gbé e sókè, a ó jù ú, a ó tẹ̀ ẹ́ láyà. Kò gbọdọ̀ sí ìkankan nínú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ títí dókítà á fi ní ó yá. Ẹ má gbé e lábíyá. Ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí, èkejì lábẹ́ orí àti ẹ̀yìn. Ẹ má pọ̀n ọ́n, ọ̀já á fún ojú ọgbẹ́. Ẹ má fi òrí pa á. Èmi ò sọ fún ìyá mi ṣáájú, ọ̀rọ̀ ọ̀já yẹn sì dùn wọ́n gan-an, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì fi ojú ọgbẹ́ hàn wọ́n.

Oògùn ìrora, ẹ fún un lásìkò, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń ké. Fọ́nrán tó ń darí ohùn gba ìdí ibi tí wọ́n máa so yẹn kọjá. Bí ẹkún rẹ̀ bá há, tàbí tí ọmú ń pá a lórí, sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Bẹ́ ẹ bá ti ń fún un ní àgbo tútù, ẹ sọ fún dókítà tó máa kùn ún lóorun. Ẹ má tijú rárá.

Ìyá Àyọ̀:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Bí màmá ò bá lè pọ̀n ọ́n, kí ni wọ́n máa ṣe?

Ìyá Kọ́lá:
Kí wọ́n jókòó, kó o gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n máa kì í. Oríkì ìyá mi ni Kọ́lá fi ń sùn nígbà náà.