Tí wọ́n bá dárí owó-orí ji àwọn tó ń kọ́ fúláàtì tuntun, ṣé owó ilé tèmi á wálẹ̀?

Aránṣọ Ìtamágà
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́ o. Sábó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ìtamágà ni mò ń gbé, rúùmù kan àti pálọ̀. Ọkùnrin kan ń kọ́ ilé alájà méjì lẹ́yìnkùlé wa, fúláàtì méjìlá. Lọ́jọ́ Sátidé ó gbé ìwé kan káàkiri àdúgbò, ká fọwọ́ sí i, ká bẹ káńsù kí wọ́n má gba owó-orí lórí ilé tuntun fún ọdún mẹ́wàá. Ó ní tí ilé bá ti pọ̀, owó ilé á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. ₦300,000 ni mo san lọ́dún tó kọjá, onílé mi sì ti ní kí n máa múra ₦500,000 sílẹ̀, ẹ rí i pé ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á. Ìwé ọ̀hún ṣì wà lábẹ́ sísọ́ọ̀sì mi. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?

Ọmọ Ìgbógbò tó wà ní Philadelphia
Àǹtí, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó gbé apá kan mì. Níbi tí mo wà yìí, láti ọdún 2000 títí di 2021, ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun kì í san owó-orí lórí ilé náà fún ọdún 10, orí ilẹ̀ nìkan ló ń san. Wọ́n kọ́ ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú owó-orí ilé níbí, ohun tó ju ìdajì lọ ló ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn kan ní tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, àwọn kọ́lékọ́lé (ẹ má pè é ní kólékólé o) á kó ẹrù wọn lọ ibòmíì. Àwọn kan ní owó ìwé ọmọ tálákà lẹ fi ń ta olówó lọ́rẹ. Ní December 2019 wọ́n dìbò pé kí wọ́n dín in kù, ó di 2022 kó tó bẹ̀rẹ̀: ilé gbígbé tuntun ò ní san rárá lọ́dún kìíní, lẹ́yìn ìyẹn ìdáríjì náà á máa fi ìdá mẹ́wàá dín lọ́dọọdún.

Ohun tí ọkùnrin yín ò sọ ni pé kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ ní kí onílé dín owó ilé kù. Ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà níbí náà, ni wọ́n ti so ìdáríjì mọ́ iye owó ilé. Ọdún 12 ni tiwọn, ṣùgbọ́n onílé á ya fúláàtì 1 nínú 5 tàbí 1 nínú 4 sọ́tọ̀, ìlú á sì sọ iye tí kò gbọdọ̀ gbà jù níbẹ̀.

Bàbá Agric
Ọmọ mi, ẹni tó gbé ìwé yẹn wá ò tilẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó kàn. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún káńsù lágbára lórí owó-orí ilé lóòótọ́, àmọ́ láti 2001 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti kó o pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀, wọ́n pè é ní Land Use Charge, àwọn ló sì ń dá iye lé e. Ní 2018 tí wọ́n fowó lé e, gbogbo Èkó ló pariwo. Òfin 2020 ló tún rọ̀ ọ́ lójú. (Òfin yẹn náà ló ní kí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì má san lórí ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ayálégbé wà nínú tèmi, nítorí náà mò ń san.)

Wàyí o, kí ni wọ́n fẹ́ dárí ẹ̀ jì? Ní Philadelphia, owó-orí ilé lé ní 1 nínú 100 iye ilé lọ́dọọdún. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé méjì ni mo kọ́ sí Agric. Ọmọ onílé gba owó fáńdéṣọ̀n, wọ́n gba ti dẹ́kìn, wọ́n tún padà wá gba ti rúùfù. Òfin 2016 ti kà á léèwọ̀, ṣé òfin ló ń sùn sí sáìtì ni? Owó tí mo kó fún wọn lórí ilé kejì ju Land Use Charge ọdún mẹ́wàá lọ. A ò tíì sọ ti sìmẹ́ǹtì àti irin. Tí wọ́n bá dárí ẹ̀ ji èmi náà lọ́la, mi ò ní parọ́ fún ọ, àpò mi ni màá fi sí.

Ìyá Ṣadé, Ẹ̀búté
Bàbá sọ òótọ́ dé gongo 😂. Òfin ayálégbé 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọdún méjì ni mo san, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n. Ìwé ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Kó kọ iye tó máa gbà síbẹ̀.

Aránṣọ Ìtamágà
Mo ṣe bí Ìyá Ṣadé ṣe wí. Mo fi báírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà: "fúláàtì mẹ́ta nínú méjìlá, kò gbọdọ̀ ju ₦300,000 lọ, fún ọdún mẹ́wàá." Mo ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí tiẹ̀, kí n fọwọ́ sí tèmi. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi ìwé ẹ̀ gé pátánì kọ́là.