Jẹjẹrẹ ọmú fún ẹni ọdún 74: ṣé ọjọ́ orí ti ju iṣẹ́ abẹ lọ?

Àkọ́bí Màmá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa, ẹni ọdún 74, ní kókó tó tó sẹ̀ǹtímítà 2 nínú ọmú òsì. Dókítà fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni. Kò sí nǹkan kan lábíyá. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí pé ọkàn wọn ń lù ségesège. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní àgbà ti dé sí wọn, ká má jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?

Nọ́ọ̀sì Jẹjẹrẹ
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń dá ẹjọ́ yìí. Bí ọkàn àti kíndìnrín wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, bóyá wọ́n ń dá rìn, bóyá wọ́n ń jẹun, bóyá wọ́n máa ń ṣubú, ìyẹn ni kí dókítà wò. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn wọn dání, títí kan èyí tí wọ́n rà fúnra wọn.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé èsì, kí ẹ wá ER àti PR (ibi tí họ́mọ̀nù obìnrin ti ń so mọ́ kókó náà) àti HER2 (èròjà tó lè mú kí jẹjẹrẹ yára dàgbà) níbẹ̀. ER positive ni ti ọ̀pọ̀ àgbà obìnrin: ẹstrójẹ̀nì, họ́mọ̀nù obìnrin, ló ń bọ́ kókó náà, oògùn oníhóró sì lè gba oúnjẹ yẹn lẹ́nu rẹ̀. HER2 ló máa ń da èèyàn rú. 0 tàbí 1+, negative ni. 3+, positive ni. 2+ ò tíì parí o! Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹran kan náà ṣe àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ń pè ní FISH. Ẹ máa béèrè èsì yẹn títí wọ́n á fi fún yín.

Apòògùn
Fún ER positive, letrozole 2.5 mg tàbí anastrozole 1 mg ni wọ́n sábà ń kọ, hóró kan lójúmọ́ fún ọdún 5 ó kéré tán. Ó máa ń jẹ egungun, nítorí náà kí wọ́n ya fọ́tò egungun tí wọ́n ń pè ní DEXA kí Màmá tó bẹ̀rẹ̀. Oríkèé ọwọ́ àti orúnkún lè máa ro wọ́n láàárọ̀, ohun tó sì ń mú ọ̀pọ̀ ìyá pa oògùn tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Kí wọ́n sọ ọ́. A lè pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá kọ tamoxifen, oògùn ER positive mìíràn, fún wọn, ẹ sọ̀rọ̀ warfarin lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ lè fa kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdá.

Àkọ́bí Màmá
Ẹ ṣé gan-an. Tó bá jẹ́ ER positive, ṣé oògùn nìkan ò tó?

Oníṣẹ́-abẹ
Ó lè mú kí kókó náà súnkì, kó sì dákẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, àmọ́ ó sábà máa ń jí padà. Ẹni tí ara rẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ abẹ la máa ń fi ìyẹn sílẹ̀ fún. Bí Màmá bá lókun, kí wọ́n yọ ọ́. Kò di dandan kí wọ́n gé gbogbo ọmú: kókó náà àti ẹran díẹ̀ tó yí i ká lè tó.

Bí HER2 bá jẹ́ negative, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi abíyá sílẹ̀, torí iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ lè mú apá wú. Ẹ béèrè nípa ìtànṣán (radiotherapy) náà, èyí tí wọ́n ń tàn sí ọmú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ láti pa jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́ kù. Nínú ìwádìí PRIME II, tó jáde ní 2023, lára àwọn ẹni ọdún 65 sókè tí wọ́n ń lo oògùn oníhóró fún ER positive, jẹjẹrẹ padà sínú ọmú kan náà láàárín ọdún 10 fún bíi 10 nínú 100 àwọn tí kò gba ìtànṣán, àti bíi 1 nínú 100 àwọn tó gbà á. Àmọ́ iye àwọn tó wà láàyè dọ́gba. Màmá fúnra wọn ni kó yan, kí dókítà kọjú sí wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí ẹ̀yin ọmọ.

Ẹ má dá warfarin dúró fúnra yín. Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ló máa dá ọjọ́ tí wọ́n máa dá a dúró. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tó ń fa omi sí ojú ọgbẹ́, ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀: tó bá ti dín sí bíi 30 ml lójúmọ́ ni wọ́n sábà ń yọ ọ́. Bí omi náà bá di ẹ̀jẹ̀ pupa lójijì, tàbí tí ojú ọgbẹ́ ń gbóná, ẹ gbé wọn padà lọ́jọ́ náà gan-an.