Ohùn ògbufọ̀ ń pòórá láàrin míkísà àti transmitter

ỌmọÌtòkú
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé àwọn aláàdìrẹ àti oníbàárà wọn láti Kútọnu là ń múra sílẹ̀ fún ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Ògbufọ̀ yóò máa sọ Faransé sínú máìkì, transmitter yóò sì gbé e dé etí àwọn àlejò. Wáyà sítẹ́ríò la fi fà á láti ihò headphone míkísà wọ ihò XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti transmitter. Orin fídíò ń dé, àmọ́ ohùn ògbufọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Máìkì ò sì bàjẹ́, ó ń dún ketekete nínú sípíkà gbọ̀ngàn.

BàbáOníwáyà
Wáyà yẹn ni. Ṣé ẹ rí XLR, ohun tó bá wà ní ẹsẹ̀ 3 ló máa ń yọ kúrò lára ti ẹsẹ̀ 2. Ohùn ògbufọ̀ rí bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì; bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, òfo ló kù. Orin ṣẹ́kù torí ọ̀tún rẹ̀ ò jọ òsì.

AUX, ihò tí míkísà fi ń gbé ohùn lọ síbòmíràn, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí PRE, kó lè máa mú ohùn kí ó tó dé fáídà (ọ̀pá tí a fi ń gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀). Jáàkì 6.35 mm sí XLR akọ: orí jáàkì sí ẹsẹ̀ 2, òrùka sí 3, ìdí sí 1. Bí AUX míkísà yín kò bá lo òrùka, ẹ so ẹsẹ̀ 3 mọ́ 1.

Kí ló dé tí Faransé ń dún nínú gbọ̀ngàn pàápàá? Ẹ fa fáídà máìkì ògbufọ̀ wálẹ̀ pátápátá. PRE yóò ṣì máa gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ihò headphone yẹn, ògbufọ̀ gan-an ló yẹ kó fi máa gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

AgbóhùnẸ̀gbá
Ẹ wo bọ́tìnnì transmitter náà o. LINE, ti ohùn alágbára bíi ti míkísà, ni kó wà, kì í ṣe MIC, ti máìkì. Agbára +4 dBu tí míkísà ń tú jáde tó fólítì 1.23, ti máìkì kì í sábà ju mìlífólítì díẹ̀ lọ, nítorí náà bó bá wà ní MIC, ohùn á máa fọ́. Bí kò bá ní LINE, ẹ fi pad dB 40, tó ń dín agbára ohùn kù, sáàrin, kí ẹ sì pa 48 V, iná tí ihò MIC máa ń fi ránṣẹ́ sí máìkì.

ỌmọÌtòkú
Ohùn ti dé! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Àmọ́ ó ń kùn hùùù tí a bá ti ki ṣájà transmitter bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí a bá yọ ọ́, á dákẹ́.

BàbáOníwáyà
Iná 50 Hz lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ̀rọ méjèèjì ní ọ̀nà tiwọn lọ sílẹ̀, wáyà ohùn wá so wọ́n pọ̀. Ẹ ki míkísà àti ṣájà sínú extension kan náà. Bó bá ṣì ń kùn, transformer 1:1 láàrin wáyà ohùn ló kù, á gbé ohùn kọjá láìjẹ́ kí wáyà ẹ̀rọ méjèèjì kan ara wọn. Ẹ má ge ẹsẹ̀ earth lára pílọ́ọ̀gì, iná lè pa ẹni tó bá di máìkì mú. Bí bátìrì bá sì gbé gbogbo ìpàdé já, ẹ kúkú yọ ṣájà.

AgbóhùnẸ̀gbá
Ẹ má tọ́jú transmitter náà sẹ́yìn àpótí irin o, irin àti ara èèyàn ń dí ìgbì rédíò. Orí stand ni, kó ga ju orí àwọn tó jókòó, kó sì jìnnà díẹ̀ sí risífà máìkì aláìníwáyà.