Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: géèmù Jàpáànù àtijọ́ wo ni kí n fi kọ́ èdè wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kan àbọ̀ rèé tí mo ti ń dá kọ́ èdè Jàpáànù nínú yàrá mi ní Adó-Èkìtì. Hiragana àti katakana, àwọn lẹ́tà wọn tó ń dúró fún ìró, ti mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n kanji, àwọn àmì tó ń dúró fún odindi ọ̀rọ̀, tí mo mọ̀ kò tíì pé igba. Ìwé kíkà ló dá mi dúró. Bí mo bá ṣí ìwé ìròyìn wọn, ìlà kejì ni mo ti ń ṣìnà. Ẹ̀gbọ́n mi kan fún mi ní Nintendo DS Lite tòkunbọ̀, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, mo sì ní láptọ́ọ̀pù kan tí kò lágbára púpọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn géèmù àtijọ́ tí èèyàn ti ń rìn láti ìlú dé ìlú, tó ń bá ará abúlé sọ̀rọ̀, tó ń bá abàmì ẹ̀dá jà, dára fún irú mi. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná. Ní àdúgbò wa, bí wọ́n bá mú un lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó di ọ̀gànjọ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Àbúrò, Dragon Quest àkọ́kọ́ ni, èyí tó jáde ní 1986. Kò sí àní-àní nínú rẹ̀ lójú tèmi. Ààyè inú káséètì ìgbà yẹn kéré débi pé wọn kò rí kanji kankan kó sí i. Hiragana ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba katakana.

Wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Iwájú ọba ni wàá ti bá ara rẹ, nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àpótí mẹ́ta wà nílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọ̀kan. Kò sí bọ́tìnì kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo nǹkan. Àfi kó o ṣí àtẹ àṣẹ, kó o mú ọ̀rọ̀ tó tọ́. "Toru" lo máa fi mú ohun inú àpótí. "Tobira", ìyẹn ilẹ̀kùn, lo máa fi ṣí i. "Kaidan", àtẹ̀gùn, lo máa fi sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní jáde láàfin! Bó o bá sì fẹ́ bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, "hanasu", yóò tún bi ọ́ pé níhà ibo: kita, minami, higashi tàbí nishi? Ìdí ni pé akọni inú rẹ̀ kì í yíjú sí ẹnikẹ́ni. Iwájú nìkan ló ń kọ sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ni àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ti jókòó sí mi lórí. Yuji Horii tó ṣe géèmù náà ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé yàrá yẹn kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn tí kò fojú kan irú rẹ̀ rí lè fi mọ àwọn àṣẹ náà. Àwa tí à ń kọ́ èdè wá ń jẹ nínú rẹ̀.

Ní ti iná: géèmù yẹn kò ní ibi tó ń tọ́jú ìrìn àjò rẹ sí. Ọba ni yóò ka ọfọ̀ àjíǹde fún ọ, ogún lẹ́tà hiragana tí kò ní ìtumọ̀, wàá sì dà á kọ sínú ìwé, kó o lè fi bá ìrìn àjò rẹ lọ nígbà míì. Bó o bá kọ "nu" sí ipò "me", tàbí "re" sí ipò "wa", torí wọ́n jọra, kò ní wọlé. Nígbà tí mo fi máa parí rẹ̀ lórí Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo àtijọ́, tí àbúrò bàbá mi gbé ti Osaka bọ̀, ìwé mi kan ti kún fọ́fọ́ fún ọfọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì ti gún.

Àǹtí Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ káséètì Famicom kò lè wọ DS tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí, ibo ló ti fẹ́ rí ti yín?

Àbúrò mi, wá Pokémon HeartGold tàbí SoulSilver ti Jàpáànù, ọdún 2009. DS Lite kì í bèèrè ìlú tí káséètì ti wá. Kana, ìyẹn hiragana àti katakana, ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n sì fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, ohun tí Jàpáànù inú ìwé kì í ṣe. O lè tọ́jú ibi tó o dé nígbà tó bá wù ọ́. Bó o bá pa ìdérí rẹ̀ dé, yóò sùn. Bó o bá ṣí i, yóò jí síbi tó wà. Inú bọ́ọ̀sì láàárín Ọ̀yẹ́ àti Adó ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni orúkọ ìjà àwọn abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀: kamitsuku ni kó bù ú jẹ, hikkaku ni kó ha á, nakigoe ni igbe. Oró ni doku. Ọ̀rọ̀ tó o bá ti fi jà nígbà ọgọ́rùn-ún, ṣé wàá tún gbàgbé rẹ̀ ni?

Tísà Ìkọ̀lé

Mo kí gbogbo yín. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yorùbá, ibẹ̀ ni màá sì ti sọ tèmi. Bí mo bá kọ "igba" sójú pátákó láìfi àmì sí i, ṣé igbá ni, àbí ìgbà, àbí igba owó? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kana láìsí kanji. "Kami" lè jẹ́ ọlọ́run, ó lè jẹ́ irun orí, ó lè jẹ́ bébà. "Hana" lè jẹ́ òdòdó tàbí imú. Kanji ló ń ṣe iṣẹ́ àmì ohùn fún wọn. Nítorí náà, má pẹ́ jù nínú kana. Nínú Pokémon Black àti White ti 2010, o lè yàn bóyá kana ni o fẹ́ tàbí kanji. Fi kana parí SoulSilver, kó o wá fi kanji ṣe White.

Zelda Phantom Hourglass wà fún DS pẹ̀lú. Kì í ṣe irú géèmù tó o ń wá gan-an, ṣùgbọ́n bó o bá fi kálámù rẹ̀ tẹ kanji, yóò fi bí wọ́n ṣe ń pè é hàn ọ́. Ní ti láptọ́ọ̀pù, Final Fantasy àkọ́kọ́ ti 1987 ti tún jáde lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2021, èdè Jàpáànù sì wà nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan. Àwọn ọba àti arúgbó inú géèmù máa ń pe ara wọn ní "washi", wọ́n á máa fi "ja" parí ọ̀rọ̀. Mọ̀ ọ́n kà, má fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi í bá olùkọ́ Jàpáànù sọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ Ifá ra ẹ̀bà ní búkà.

Ará Ẹ̀fọ̀n

Kí n fi díẹ̀ kún un. Katakana kò gbọdọ̀ dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá. Koppu ni kọ́ọ̀pù, beddo ni bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí àwa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ni wọ́n ń ṣe, fáwẹ̀lì ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Àwa Èkìtì tí à ń pe ilé ní ulé tún rọ́wọ́ mú ju àwọn tó ń sọ Yorùbá inú ìwé lọ: umi ni òkun, uma ni ẹṣin, ushi ni màlúù. Wo Pikachu náà, abàmì ẹ̀dá inú Pokémon. "Pika" ni bí mànàmáná ṣe ń kọ mànà, "chu" ni igbe eku. Máa kà á sókè ketekete, má fi ojú lásán kà á.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Tísà, mo gba ti kanji, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà Dragon Quest díẹ̀ sí i. Ìgbàkígbà tí mo bá kú, ọba á ní: "Shinde shimau to wa nanigoto da!", ìyẹn "Irú kí lèyí tó o lọ kú!" Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ka "te shimau" nínú ìwé gírámà tí kò yé mi. Ẹnu ọba yẹn ló ti yé mi. Ó sún mọ́ "tán" tiwa, bí ìgbà tá a bá ní "wọ́n ti jẹ ẹ́ tán", tí ó sì dunni pé wọ́n jẹ ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo rí SoulSilver rà. Pátákó tó wà ní ìlú àkọ́kọ́ gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ mi: "Hajimari o tsugeru kaze ga fuku machi." Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí mo wo ìwé atúmọ̀, síbẹ̀ kò so pọ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ló là sí mi: machi, ìlú, fuku, tó ń fẹ́, kaze, afẹ́fẹ́, tsugeru, tó ń kéde, hajimari, ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú tí afẹ́fẹ́ tó ń kéde ìbẹ̀rẹ̀ ti ń fẹ́. Ohun tí àwa ń fi "tí" so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, iwájú ni wọ́n ń tò ó sí. Iná lọ bí mo ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fi ìmọ́lẹ̀ DS náà kọ ọ́ parí. Àǹtí Ọ̀yẹ́, mo ti dé ìlú kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni "sodateru" tí gbogbo wọn ń sọ yìí, ṣé títọ́ ọmọ náà ni?

Àǹtí Ọ̀yẹ́

Òun náà ni, àbúrò mi. Títọ́ ni: ọmọ, ẹran, òdòdó, gbogbo rẹ̀.