"Adènàpá" kò bá ìdí ìbọn mu

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ìbọn, kí ìbọn má baà dun èjìká ẹni tó ń yìn ín, ní "adènàpá", wọ́n sì ṣàlàyé pé ohun tó ń dènà ipá ni. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ó sì dá mi lójú pé wọn kò wo ilé ọmọ yìí dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìparí rẹ̀, ìyẹn "pá". Wọ́n ní ipá ni. Èmi sọ pé ìpá ni, nítorí pé ìbọn ń ta ènìyàn nípàá ni, bí ẹṣin ṣe ń ta ẹni tó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fetí sí "tàpá". "Ta" kò ní àmì lórí nígbà tó dá dúró, àmọ́ nígbà tó pàdé ìpá, fáwẹ̀lì "ì" ni a pa jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ, orí "ta" ló bọ́ sí. Bó bá jẹ́ ipá ni, "tapá" ni à bá máa sọ. Nínú "adènàpá", ẹ̀rí yìí sọnù pátápátá, torí pé "nà" ti ní ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sí bí òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ bóyá ipá ló wà níbẹ̀, tàbí ìpá, tàbí apá pàápàá. Ẹnì kan ti sọ nínú ìjíròrò yìí pé àmì ohùn kò pọn dandan nínú ọ̀rọ̀ tuntun. N kò gbà, n óò sì dá a lóhùn lọ́jọ́ mìíràn.

Èyí tó dùn mí jù ni "dènà", nítorí pé rọ́bà náà kò dènà ohunkóhun. Láti ọdún 1687 ni Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti kọ ọ́ pé agbára tí ohun kan bá fi ti òmíràn, irú rẹ̀ gan-an ni òmíràn náà fi ń tì í padà. Bí ọta bá ti gba iwájú jáde, ìbọn gbọ́dọ̀ wá sẹ́yìn. Ohun tí rọ́bà ń ṣe ni pé ó ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀, àkókò tí ìpá náà fi ń wọlé á gùn sí i, ìpá náà á sì tàn ká ojú èjìká dípò kí ó rọ́ lu ibì kan ṣoṣo.

Ẹ má ṣe rò pé àríyànjiyàn lásán ni mo ń ṣe. Ìbọn àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi rọ́bà tó nípọn gan-an sí ìdí rẹ̀, bí ẹni pé bó bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe dènà tó. Rọ́bà náà yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, àlàfo wà lápá òkè, láti ibi tí ìka ti ń fa ìbọn láti yìn ín dé òpin ìdí rẹ̀ sì ju ínǹṣì 14 lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń wà ní nǹkan bí ínǹṣì 13 àti ààbọ̀. Bí mo bá tún fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, àfi kí n gé igi, igi ìbọn àtijọ́ tí a bá sì ti gé kò ṣeé dá padà. Tín-ín-rín ni mo wá. Mo tú àwọn ìṣó méjì tí a ń yí wọlé, mo fá gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, mo fi igi kéékèèké dí ihò tí kò bá rọ́bà tuntun mu, mo sì lu òmíràn. Mo wé téèpù mọ́ igi kí ara rẹ̀ má baà họ, mo wá fi sáńpépà fá rọ́bà títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú igi, tó sì ń bá ìlà ìsàlẹ̀ igi lọ bí ó ṣe dagun. Kí n tó dè é, mo fi fáníìṣì kun òpin igi tí rọ́bà yóò bò, torí pé ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé jù. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, bí rọ́bà ṣe jókòó sí ìdí ìbọn ni mò ń wò, kì í ṣe bí yóò ṣe dènà ohunkóhun.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ igi kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju "tìmùtìmù ìdí ìbọn" lọ. Wọn kò ka ìwé gírámà kankan, ṣùgbọ́n etí wọn kò gba ọ̀rọ̀ tí kò sọ òótọ́ nípa nǹkan, àárò irú etí bẹ́ẹ̀ sì ń sọ mí. Ẹni tó ní "ìrọ̀rí ìbọn" ló yẹ kò ronú pé orí wà nínú ìrọ̀rí. Ìdí la sì ń sọ. Àwọn tó ní tìmùtìmù ti gùn jù ńkọ́? Ṣebí a ti gba "amóhùnmáwòrán" mọ́ra.

Bó bá di dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a", mo fara mọ́ "adẹ-ìpá", kí a sì kọ ìpá náà jáde ní kíkún. A máa ń dẹ okùn tó le jù, okùn náà kì í sì í tìtorí rẹ̀ já. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ "dènà" kúrò ná; ti ipá àti ìpá lè dúró de ìdáhùn yín.