Bí ìwòsàn bá ti dé, kí ni a tún ń yẹ jẹ́nótáìpù wò fún?

Tíṣà Bàólójì, Yábàá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin oníṣègùn tó wà níbí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ SS2 bí bàbá àti ìyá tó jẹ́ AS ṣe lè bí ọmọ SS, nígbà tí ọmọkùnrin kan nawọ́, tó ní òun kà á lórí fóònù pé àwọn òyìnbó ti rí ìwòsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kí wá ni tọkọtaya tún ń yẹ jẹ́nótáìpù wò fún kí wọ́n tó fẹ́ra. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tí mo mọ̀ pé ó jẹ́ SS, tí kì í sábà lè wá sílé-ìwé bí òtútù òjò bá mú. Mo yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn, ojú sì ń tì mí. Kí ni kí n sọ tí kò ní jẹ́ irọ́, tí kò sì ní pa ìrètí ọmọ náà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìdí-Àràbà
Tíṣà, ọmọ náà kò parọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́. Casgevy, ìtọ́jú tuntun fún fòníkú-fọ̀ladìde, ni ó kà nípa rẹ̀, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ má pè é ní oògùn níwájú wọn, nítorí ẹni tó bá gbọ́ oògùn, ohun tí à ń fi omi gbé mì ni yóò máa rò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà jáde lára aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi CRISPR, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gé àbùdá, tí Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020, gé ibì kan nínú àbùdá rẹ̀, kí ara lè padà máa ṣe irú himoglóbíìnì, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ inú oyún ń ní, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dá a padà, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn líle, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, pa mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀, èyí tó lè ba ọmọ bíbí jẹ́. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ gan-an nìyí: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, wọn kò fọwọ́ kan àtọ̀ tàbí ẹyin. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ṣì ń fún ọmọ rẹ̀ ní àbùdá S. Bí ó bá fẹ́ AS, ìdajì-ìdajì ni, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
SS ni èmi náà, mo sì ti lé ní 30 ọdún. Tíṣà kan sọ níwájú kíláàsì wa nígbà náà pé a kì í kọjá 21. Nígbà tí mo pé 22, ó ṣe mí bíi kí n lọ kí i nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ti hydroxyurea fún wọn pẹ̀lú, kápúsù ojoojúmọ́ tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí fún àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí láti 1998. Himoglóbíìnì ọmọ inú oyún kan náà ni ó ń mú pọ̀ sí i. Kò wo àìsàn náà tán, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni wò déédéé, ṣùgbọ́n òun ni ọwọ́ wa tó. Ẹ má sì wo ojú ọmọbìnrin náà bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ìṣirò, Èbúté Mẹ́ta
Ẹ ṣọ́ra fún "ẹyọ kan nínú mẹ́rin" tí a máa ń sọ pé ó jẹ́ SS nínú ọmọ AS àti AS. Àwọn ọmọ máa ń rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta yòókù ti bọ́. Ẹ ra ìlẹ̀kẹ̀ pupa fún S àti funfun fún A ní ọjà Bàlógun, ẹ fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àpò bàbá àti àpò ìyá, kí wọ́n máa mú un láìwò, kí wọ́n sì dá a padà kí wọ́n tó tún mú.

Tíṣà Bàólójì, Yábàá
Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi fúnra mi kò ronú kan ti àtọ̀ àti ẹyin yẹn. Ọjọ́ Ajé ni n ó padà sórí ọ̀rọ̀ náà, ọmọkùnrin tó béèrè ni n ó sì fún ní àpò ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́.