Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n fẹ́ pe àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ jókòó ní Sátidé

Àsàlámù àlékúm, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkọ àbúrò mi ti ń lù ú. Lánàá, ó fún un lọ́rùn. Kò sí àpá kankan níbẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti há, bó bá sì fẹ́ gbé omi mì, á kọ́kọ́ dijú. Ọ̀dọ̀ mi ní àdúgbò Adéwọlé, n’Ílọrin, ló wà báyìí. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, á ti bẹ́ sẹ́yìn àga. Àwọn àgbà ilé ní ká wá parí ẹ̀ ní Sátidé. Ṣé kí n mú un lọ?

*Nọ́ọ̀sì, Tanke:* Ẹ̀gbọ́n, ọsibítù ni kẹ́ ẹ mú un lọ, lónìí yìí. Ọrùn tí wọ́n fún lè máa wú nínú láìsí àpá lóde. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́pọlọ lè ya, kó sì di rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n fún un lọ́rùn ni, ẹ má sọ pé ó ṣubú. Ọkùnrin tó bá ti ṣe èyí rí, ewu pé á pa obìnrin náà lọ́jọ́ iwájú ti pọ̀ sí i gan-an.

*Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà:* Mo jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó ń dùn mí lójú ọkọ mi, mo sì sọ ọ́. Ìgbà tá a délé ló gbẹ̀san gbogbo ohun tí mo sọ lára mi. Ẹ dákun, ẹ má mú un lọ.

*Agbaninímọ̀ràn kan, Ìlọrin:* Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Níwọ̀n ìgbà tí lílù náà kò bá tíì dáwọ́ dúró, kò yẹ ká gba tọkọtaya nímọ̀ràn pa pọ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2013 ní ká tẹ́tí sí obìnrin náà láìfipá mú un sọ̀rọ̀, ká má dá a lẹ́bi, ká sì rí i pé ó bọ́ lọ́wọ́ ewu. Bíbẹ́ tó ń bẹ́ yẹn, orí rẹ̀ kò dàrú o, ẹ̀rù ni. Bí ẹ̀rù náà kò bá lọ lẹ́yìn tí ewu ti kúrò, ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ wà tó sábà máa ń gba ìjókòó 12 lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á jọ yẹ èrò bíi “èmi ni mo mú un bínú” wò.

*Agbẹjọ́rò:* Òfin VAPP ti 2015, ìyẹn òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, ka lílu ìyàwó sí ẹ̀ṣẹ̀, Kwara náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà má sún mọ́ ọn. Ẹ wá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, ẹ̀ka wọn wà ní Kwara.

*Ẹni tó béèrè:* Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọsibítù la wà yìí, wọ́n ti ń yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Mo ti pe bàbá wa pé èmi nìkan ni màá wá ní Sátidé.